Ohun Tí Ẹja Fi Sẹ́nu

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ rọra tẹ ilẹ̀."

Ìyá Eugénie dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti Sakété ló ti gun alùpùpù dé Pobè láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ǹtì ti Onigbolo bọ̀ sì ti sọ gèlè rẹ̀ di funfun. Ó rí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó nà gbalaja sílẹ̀, ó ṣe bí òun ló ń dọ̀bálẹ̀ fún, ó sì ti ń gbàdúrà fún un lọ ràì kó tó rí i pé ẹ̀yìn tábìlì ló na ọwọ́ sí.

"Euloge, dìde kí n mọ̀ bóyá èmi lò ń kí ni tàbí ẹja."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin ni mo kí. Ẹ káàbọ̀. Ẹja yìí ló máa ń sá pamọ́ bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀."

Fóònù ni Euloge ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà. Lórí tábìlì yẹn nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ní àpótí gíláàsì kan tó fi ń sin ẹja kékeré méjì, ìbátan epìyà, tí apẹja kan mú fún un nínú odò ní Towé. Láti ọjọ́ mẹ́wàá ni akọ inú wọn kò ti jẹun. Ẹnu rẹ̀ wú, ó sì pa á dé bí ẹni tí wọ́n fi àṣírí pamọ́ sí lọ́wọ́. Apẹja ti sọ fún Euloge pé akọ irú ẹja yìí ló máa ń kó ẹyin sẹ́nu títí tí wọn yóò fi di ọmọ. Sẹ̀gilọlá, ọmọ Euloge tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, kò yé béèrè pé, "Bàbá, kí ló fi sẹ́nu?" Bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé yóò rí i kó tó lọ.

Lílọ ọ̀hún gan-an ló gbé Ìyá Eugénie wá. Christelle, ọmọ rẹ̀, ìyá Sẹ̀gilọlá, ti kú. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn ìrántí ọdún kan, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì fẹnu kò pé kí ọmọ máa lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Euloge kò jiyàn. Ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ fẹ́, tí ọmọ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé kí wọ́n tún fi èyí tó kù sílẹ̀ fún òun?

"Ẹrù ọmọ dà?"

"Ó wà nínú yàrá, Ìyá. Mo ti dì í."

"O ti dì í, o wá sùn sílẹ̀ ò ń ṣọ́ ẹja! Wọ́n ní ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí. Jígí kì í pọn ọmọ, Euloge. Mi ò bá ẹ jà o. Ọkùnrin kì í dá tọ́ ọmọ obìnrin ni."

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó kọ́kọ́ rí àwọn ọmọ ẹja yìí. Mo ti dẹ pọtábù dè é."

Fóònù àtijọ́ kan ni, ojú rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rẹ̀ ṣì ń ríran. Euloge fi í sínú agolo mílíìkì tó ti gé ìdí rẹ̀, ó fi rọ́bà táyà dè é, ó gbé e sáàárín gíláàsì àti ògiri, ó sì fi aṣọ dúdú bò ó, ihò kan ṣoṣo ló dá sí i. Ẹja kò mọ̀ pé ojú kan wà lẹ́yìn òun. Láti kùtùkùtù ló ti ń ya fíìmù.

Euloge yọ káàdì inú rẹ̀, ó fi í sínú fóònù tirẹ̀. Sẹ̀gilọlá sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó gun itan ìyá àgbà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbá orí jọ.

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ rí, àti àpáàdì tí ẹja sá sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹja yìí gbọ́n ju àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ mi lọ," ni Ìyá Eugénie wí.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ríran kọjá omi, ó rí pálọ̀ lódìkejì. Euloge jókòó lórí àpótí, Sẹ̀gilọlá wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ń di irun fún un. Ìlà tó là wọ́ bí ọ̀nà oko. Ó tú u, ó tún un là, ó tún wọ́. Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá gbé ìyarun fún un, ó tẹ orí ara rẹ̀ ba kí ọmọ náà fi gbẹ̀san. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ atẹ́gùn sí ògì, ó tọ́ ọ wò, ó fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu.

Ojú ti Euloge. "Kì í ṣe ibí yìí, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fò ó."

Ìyá Eugénie di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi sílẹ̀."

Oorun gbé ọmọ lọ láyà bàbá rẹ̀. Eṣinṣin kan bà lé imú Euloge. Kò gbé ọwọ́, ẹnu ló ń yí kiri láti fi lé e. Bí ilé ṣe pa rọ́rọ́, ẹja jáde. Ó la ẹnu, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì tú jáde bí ọkà bàbà tó dà sílẹ̀.

"Ọmọ! Ọmọ ló fi sẹ́nu!" Sẹ̀gilọlá pàtẹ́wọ́.

Nínú fíìmù, Euloge wúkọ́ díẹ̀. Kíá, ẹja fa gbogbo wọn padà sẹ́nu.

"Yéè! Ó gbé wọn mì!"

"Kò gbé wọn mì, ìyá mi," ni Ìyá Eugénie wí. "Ó kó wọn pamọ́ ni."

Ìyá Eugénie fi ìka tọ ìlà wíwọ́ tó wà lórí ọmọ náà.

"Ta ló kọ́ ẹ ní irun dídì?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá. Christelle ló máa ń..."

"Gbé ìyarun wá."

Euloge rò pé ó fẹ́ tún orí ọmọ ṣe kí wọ́n tó máa lọ ni. Ó gbé e wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ìyá Eugénie kò gbà á. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sí i.

"Jókòó. Ìwọ lo máa dì í. Ìpàkọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iwájú orí. Bí mo bá ń wá wò yín, mi ò fẹ́ bá orí ọmọ mi bí ìtẹ́ ẹyẹ."

Euloge jókòó, ó fa ọmọ sáàárín orúnkún rẹ̀. "Ìyá, àwọn àgbà ìdílé ńkọ́?"

"Ṣé ọmọdé lèmi ni? Èmi ló máa bá wọn sọ̀rọ̀. Fa irun yẹn dáadáa, má jẹ́ kó dẹ̀."