Ohun Kíkan Inú Àwo

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Sẹ́ẹ̀lì já wọ yàrá ẹ̀rọ òòfà láìkan ilẹ̀kùn. Orí rẹ̀ gbóná. Ó na bébà kan sí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà bí ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú olè.

“Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ yín fi ojú mi rí!”

“Ẹ káàárọ̀ ná,” ọkùnrin náà dáhùn, bisikíìtì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “A ò tíì kí ara wa, ẹ ti ń jà.”

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kò bí ọmọ kankan o. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń tọ́ nínú àwo pẹlẹbẹ. Ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń pààrọ̀ omi wọn, inú àpótí tó ń móoru ló sì ń gbé wọn sí kí òtútù má baà mú wọn. Ó ti di ọdún kẹrin tó ti ń ṣe é. Tó bá jẹ́ èèyàn ni wọ́n, wọn ì bá ti mọ̀ ọ́n lójú.

Wọ̀bìà pátápátá ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ó ń gbé ṣúgà mì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn, kì í sì í jẹ ẹ́ tán dáadáa, ohun kíkan kan ló máa ń tú jáde nínú ìjẹkújẹ rẹ̀. Béèyàn bá bu ohun inú rẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tó sọ ìgò náà sí àárín ẹ̀rọ òòfà, tó sì fi ìgbì rédíò ta á jí, oníkálukú ohun tó wà níbẹ̀ á dáhùn ní ohùn tirẹ̀. Ṣúgà á jẹ́ tirẹ̀, ohun kíkan á jẹ́ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá ya ohùn wọn bí ṣóńṣó òkè, èyí tó bá pọ̀ ni òkè rẹ̀ máa ń ga. Oògùn tí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ń dán wò ni wọ́n ń retí pé kó ká wọ̀bìà yìí lọ́wọ́ kò. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló sì fi ń ká a lọ́wọ́ kò. Nínú àwọn àwo tó gba oògùn, òkè ohun kíkan kì í ju ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀gá wọn ń rìn káàkiri bí ọkọ ìyàwó.

Ẹnì kan wà tó gba èsì yẹn gbọ́ ju Ọ̀gá lọ, ẹ̀gbọ́n Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin, káfíńtà ni. Wọ́n ti rí jẹjẹrẹ lára kíndìnrín rẹ̀ ọ̀kan. Dókítà ní kó tètè wá ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ kíndìnrín ọ̀hún kó tó di pé ó ràn kálẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ayùn gé igi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀bẹ wá ń dẹ́rù bà á. Ó pe àbúrò rẹ̀ láti béèrè bí iṣẹ́ oògùn ṣe ń lọ, ó sì bá a lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ ń dùn.

“Bùrọ̀dá, gbogbo àwọn tí mo fún lóògùn ló ti dákẹ́!”

Ní ibi iṣẹ́ wọn, bí òkè kan bá lọ sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn, pé ó dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún wà láàyè, ó ń jayé orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá wá sọ fún un pé aláìsàn dákẹ́? Ohun tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ni pé wọ́n ti kú. Ó sọ fún ilé ìwòsàn pé kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú ná, oògùn àbúrò òun ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá sọ ọ́ fún Ìyá Sẹ́ẹ̀lì, ṣe ló yẹ kó fò dìde. Ohun tó sọ ò ju “Ẹ ṣáà máa gbọ́ ti dókítà o” lọ, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn nínú. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń gbé e pọ̀n, ó wù ú kí òun náà gbé e lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n bébà tọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ti yí gbogbo rẹ̀ bìrí. Àwọn àwo tó gba oògùn ló kan jù.

“Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́,” ni Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ń tẹnu mọ́.

“Ẹ̀rọ ò mọ oògùn, kò mọ Ọ̀gá,” ọkùnrin náà sọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ohun tí ẹ bá gbé fún un ló ń kà. Kí lẹ ṣe lánàá tí ẹ kì í ṣe tẹ́lẹ̀?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan!”

“Ẹ lọ wo ìwé yín wá.”

Ó fi ìbínú lọ, ó fi ìbínú ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti aago àti ìṣẹ́jú, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àwo mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ tó gba oògùn àti mẹ́jọ tí kò gbà, ló máa ń kó jáde nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan náà, á tò wọ́n sórí tábìlì. Á wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi omi tútù ṣàn án, á sọ ọ́ di yìnyín lójú ẹsẹ̀ kó má baà lè jẹ nǹkan kan mọ́. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ fún àwo kan. Àwọn tó gba oògùn ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣe nígbà gbogbo, torí Ọ̀gá ti kọ́ ọ pé oògùn ṣọ̀wọ́n, ibi tó bá wà ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àná nìkan ló ṣèèṣì to àwọn tí kò gba oògùn síwájú, tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà wọ́n.

Ó ṣírò rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni àwo mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń gbà. Kí ni àwọn mẹ́jọ tó kù ń ṣe lórí tábìlì? Wọ́n ń jẹ ṣúgà lọ ràì ni, wọ́n sì ń kan sí i.

Lọ́jọ́rú, ó kó mẹ́rìndínlógún tí kò gba oògùn kankan, ó ṣe wọ́n bó ṣe máa ń ṣe. Mẹ́jọ tó dúró kan ju mẹ́jọ àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Lọ́jọ́bọ̀, ó yọ àwo lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, kò jẹ́ kí ìkankan dúró. Àti èyí tó gba oògùn, àti èyí tí kò gbà, ọgbọọgba ni wọ́n. Oògùn náà kò ṣe nǹkan kan. Kò ṣe nǹkan kan rí. Ó fẹ́ fọ́ àwo náà mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n òun náà ló máa gbá a, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìsà, ó ń bú Ọ̀gá, ó ń bú tábìlì, ó sì ń bú ara rẹ̀ jù.

Ọ̀gá ní kó fi ọ̀rọ̀ náà mọ́nú títí wọ́n á fi ṣe ìpàdé tán.

“Ẹ fi í mọ́nú tiyín, sà,” ni Ìyá Sẹ́ẹ̀lì wí. “Tèmi ti kún.” Ó gbé àpò rẹ̀.

Ọ̀sán ni nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń fá ilẹ̀kùn kan, ẹ̀fági ti bo bàtà rẹ̀. Ó ti rù sí i.

“Àbúrò mi! Ṣé oògùn wa ti jáde?”

“Bùrọ̀dá, kò ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe.”

“Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n ti dákẹ́?”

“Mi ò ní wọ́n kú, sà. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ gbọ́ nìyẹn, mi ò sì tètè là á yé yín. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, àpótí, tábìlì, mẹ́jọ àkọ́kọ́, mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí i bí ẹni tí oníbàárà ń sọ ìwọ̀n àga fún.

“Ìyẹn ni pé àwọn tó dúró lórí tábìlì ló burú jù,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹnikẹ́ni ò sì ṣe nǹkan kan fún wọn.”

“Wọ́n kàn dúró ni.”

“Báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀?”

“Ogún ìṣẹ́jú.”

Ẹ̀gbọ́n gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ẹnu rẹ̀ ń kà wúyẹ́wúyẹ́.

“Èmi ti lo oṣù méjì àti ọjọ́ mọ́kànlá,” ó wí.

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ń dúró kó pariwo mọ́ òun. Ì bá sàn fún un. Ẹ̀gbọ́n fa fóònù yọ lápò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì í tẹ̀, ó sì nà án sí i.

“Bá mi tẹ nọ́ńbà dókítà yẹn,” ó ní. “Sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ.”