Ìṣirò Ọjọ́ Ọjà

Inú ń bí Prudence láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sún mémoire rẹ̀, ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀, síwájú, ọ̀la sì ni ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì dá fún un kẹ́yìn. Bí kò bá fi ránṣẹ́, á tún lo ọdún kan sí i ní Kétu gẹ́gẹ́ bíi tíṣà ìṣirò tí wọn kò tíì gbà síṣẹ́ tán.

Orí kìíní kò ní wàhálà. Bí a bá pín ení dé ẹ̀jọ sọ́nà mẹ́rin kí àròpọ̀ wọn dọ́gba, ení á mú ẹ̀jọ, èjì á mú èje, ẹ̀ta á mú ẹ̀fà, ẹ̀rin á mú àrún. Ẹ̀sán ni gbogbo wọn. Orí kejì ló sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú gbogbo groupe abélien, àkójọ tí èèyàn lè máa ro pọ̀ láìkúrò láàárín wọn: kálukú á rí ẹnìkejì tí wọ́n á jọ padà sí òdo.

Ọ̀gá ní kó mú àpẹẹrẹ ìlú rẹ̀ wá, ó bá mú ọjọ́ ọjà. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ló bá kọ ọjọ́ márùn-ún yípo. Ọjọ́ ọjà ni òdo, bí a bá sì ka márùn-ún, a ti padà síbẹ̀. Ení àti ẹ̀rin di òdo, èjì àti ẹ̀ta di òdo, òdo fúnra rẹ̀ ṣìkẹta, ọ̀nà mẹ́ta dọ́gba. Ó dùn mọ́ ọn débi pé kò yẹ òmíràn wò. Ta ló sì máa yẹ oyin wò?

Ìyá rẹ̀, Honorine, tó ń bó gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, béèrè ohun tó yà ní róbótó. Prudence ṣàlàyé. Ìyá dá ọ̀bẹ dúró.

"Ọjọ́ mélòó lo kọ síbẹ̀?"

"Márùn-ún, màmá. Ṣebí ọrún ni."

"Òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ kẹrin, ọrún. Òní ọjà, ọrún ọjà. O ka ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tó o fi orí ru gààrí lọ síbẹ̀."

Prudence fi ìka kà á wò. Ó pa ọjọ́ kan rẹ́. Ení àti ẹ̀ta di òdo, àmọ́ èjì kò rí ẹnìkejì àfi ara rẹ̀. Ó wá ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba títí bírò fi ya ìwé, kò rí i. Àpẹẹrẹ nìkan kọ́ ló bàjẹ́, "gbogbo" tó kọ sí orí kejì ni irọ́. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ó bínú sí ìyá rẹ̀, ó bínú sí ọ̀gá, ó sì bínú sí ara rẹ̀ jù.

"Ṣé ọ̀gá rẹ máa ń ná ọjà Kétu ni?" ni ìyá wí. "Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi ti mọ̀, màmá."

Ó kọ ọ́ sí ọ̀gá lórí fóònù pé ohun tóun sọ kì í ṣe òótọ́, òun kò ní lè fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́la. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ kejì, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì ń bó gbágùúdá tẹkúntẹkún.