Opó Méjì Lórí Owó Ìfẹ̀yìntì Mọ́rúfù

Bí wọ́n bá ní ká mú obìnrin tó mọ opó ṣe jáde ní gbogbo Òkókómáíkò, Mọ́nsúrátù ni wọn ì bá mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Mọ́rúfù, ọkọ rẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ kan ìta. Kò lé tìróò, kò fín lọ́fínńdà, kò fi yẹtí sétí. Bí àwọn obìnrin àdúgbò bá wá kí i, á gbé ohùn sókè pé, "Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Ọlọ́run wí. Èmi ò ní yọ ọjọ́ kan kúrò níbẹ̀ o!" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe nítorí Ọlọ́run nìkan ló ṣe ń pariwo. Mùsítúrà, ìyàwó kékeré, tó wà ní yàrá kejì, ló fẹ́ kó gbọ́.

Oyún wà nínú Mùsítúrà nígbà tí Mọ́rúfù kú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tó fi bí ọkùnrin. Ààfáà ní opó tirẹ̀ ti parí nìyẹn, pé ọjọ́ tí aláboyún bá ti sọ̀ ni opó rẹ̀ tán, bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Mọ́nsúrátù ò lè bá Kùránì jà. Ó wọ yàrá lọ, ó sì sunkún. Ọkọ kan ló kú fún àwọn méjèèjì, ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀. Òun tí òun fẹ́ Mọ́rúfù nígbà tí kò ní ju bùbá kan lọ, òun ni yóò wà nínú ilé bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ọmọ àná yìí yóò sì máa yan kiri. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, Àmínà, obìnrin ni, ó sì ti lọ sílé ọkọ. Ọkùnrin ni Mùsítúrà bí. Gbogbo rẹ̀ parapọ̀, ó dì í láyà bí ẹ̀bà tí kò rí omi.

Owó kan sì wà ńlẹ̀. Mọ́rúfù ti ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1991, kọ́ńpìnnì náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì fúnra rẹ̀ wá sọ, àwọn yóò fún un lówó tó jọjú. Ilé tí Mọ́rúfù ń kọ́ ní Ìba ti dé ibi òrùlé. Ó ní òun yóò fi owó náà kan páànù, òun yóò sì fi ìyókù máa ta àgbò ní Alábá Rágò. Ó fẹ̀yìn tì. Àìsàn ni kò jẹ́ kó rí owó náà gbà. Ní báyìí, onílé tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ní kí wọ́n kó jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó Mọ́rúfù kò bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìta gbangba ni àwọn opó méjèèjì yóò sùn.

Opó tó lè jáde ló máa lépa owó, Mùsítúrà sì nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣe dá, ó pọn ọmọ, ó lé tìróò, ó sì wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyáálé rẹ̀.

"Ìyá, mo ń lọ sí Àpápá o. Ẹ bá mi ṣe àdúà."

"Lọ́fínńdà yìí mà pọ̀ o. Ṣé imú ni wọ́n fi ń sanwó fún opó níbẹ̀ ni?"

Mùsítúrà rẹ́rìn-ín. "Òógùn inú bọ́ọ̀sì ni mò ń sá fún, ìyá."

Ó lọ. Mọ́nsúrátù fi ojú sí fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mọ́tò ìjàpá kan dúró ní ìkóríta, Mùsítúrà sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí, ọ̀rẹ́ Mọ́rúfù níbi iṣẹ́, ló ń wà á. Mọ́nsúrátù mọ̀ pé ọ̀nà ilé Ògúnjìmí nìyẹn, pé ó máa ń já Mọ́rúfù náà síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n kò ní kó má ronú ohun mìíràn.

"Kí ni wọ́n wí?" ló fi pàdé Mùsítúrà.

"Wọ́n ní owó ti fẹ́ jáde, pé kí n wá tọwọ́ bọ̀wé. Mo ní rárá o, n kò ní gba kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé ìyáálé mi wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò burú, àwọn yóò dúró títí ẹ ó fi jáde opó."

Mọ́nsúrátù wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ta ló máa rí owó tí kò ní gbà á? Ó mọ ohun tí òun ì bá ṣe bó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá ti gbà á, òun ì bá sì ti sọ pé kò jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ohun tó wà nínú tirẹ̀ ló ń wá nínú ti ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Mọ́nsúrátù gbẹ títí wọ́n fi ń rò pé ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ni. Mùsítúrà ń lọ sí Àpápá nítorí ìwé owó náà, ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wọ bàtà tuntun dé, ó fi ṣọ́ọ̀lù funfun bo ọmọ lẹ́yìn. Ó ní ìyàwó Ògúnjìmí ló fún òun. Mọ́nsúrátù ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó rí òrùlé ilé Ìba lẹ́sẹ̀ Mùsítúrà, ó rí páànù Mọ́rúfù lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló ránṣẹ́ pe Fẹ̀hìntọlá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta àgbò ní Alábá Rágò.

"Lọ sí Àpápá. Sọ fún wọn pé obìnrin tó ń pọn ọmọ wá yẹn kì í ṣe ìyàwó Mọ́rúfù. Àlè ni. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ Mọ́rúfù."

Fẹ̀hìntọlá gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí wúwo o. Níwájú wa ni wọ́n ṣe yìgì wọn. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìwọ ṣáà lọ. Má dárúkọ mi. Sọ pé ẹbí ló rán ọ."

Fẹ̀hìntọlá lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun náà ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí Mùsítúrà tún ti Àpápá dé, ẹkún ló gbé wọlé. Ògúnjìmí tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ìyá, wọ́n ti ba nǹkan jẹ́," ni Ògúnjìmí wí. "Owó ti jáde láti oṣù tó kọjá. Ìyàwó yín ló ní àfi tẹ́ ẹ bá dé. Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́ pé kó gba tirẹ̀ ńbẹ̀, kò gbà. Ni ọkùnrin kan bá wá sọ pé àlè ni. Wọ́n ní ẹbí ń jà, àwọn ò ní san án fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi kí ẹni tó rán ọkùnrin náà wá fẹnu ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, tàbí ká lọ sí kóòtù."

Mọ́nsúrátù fọwọ́ di ògiri mú. Òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ látọjọ́ yìí! Ojú tì í, àmọ́ kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ó tún ń jowú. Inúure Mùsítúrà wá ń dùn ún ju lọ́fínńdà rẹ̀ lọ.

"Àwọn ẹbí Mọ́rúfù ní Ọ̀yọ́ ni," ni Mùsítúrà ń wí, ó ń nu imú. "Ẹni tó pe ọmọ mi ní ọmọ àlè, Ọlọ́run á bi í. Ẹ ṣe àmín, ìyá."

"Àmín," ni Mọ́nsúrátù wí.

Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é báyìí lẹ́yìn ìrun, Mùsítúrà a ṣépè, ìyáálé a ṣe àmín. Ẹ ò rí nǹkan! Onílé sì wá yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn lọ, ó ní ti yàrá ló kàn.

Nígbà tí Mọ́nsúrátù jáde opó, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó ní àwọ̀, àwọn méjèèjì sì gba Àpápá lọ. Mísìs Adéníran ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n jókòó, Mùsítúrà kò jókòó, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Ẹ ṣàánú wa, mà. Wọ́n máa lé wa síta."

"Ta ló rán ọkùnrin yẹn?" ni Mísìs Adéníran bi í. "Bí ẹni náà bá wá síhìn-ín, ọ̀rọ̀ ti parí lónìí."

"N kò mọ̀ ọ́n, mà. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, n bá ti gbé ọmọ yìí lọ bá a kó wo ojú rẹ̀."

Mọ́nsúrátù wo ojú ọmọ náà. Etí Mọ́rúfù ló wà níbẹ̀, bó ṣe nà síta gẹ́lẹ́. Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé, ọ̀nà kóòtù sì wà. Àmọ́ kóòtù kì í kan páànù. Obìnrin tó wà lórí eékún yìí nìkan ni kò fẹ́ kó gbọ́ ọ.

"Èmi ni," ló wí. "Ìyàwó Mọ́rúfù ni. Ọmọ Mọ́rúfù ni. Owú ló sún mi ṣe é."

Mísìs Adéníran kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mùsítúrà dìde, ó gbọn eruku nù lára ìró. Wọ́n pín owó náà sí méjì, oníkálùkù sì gba ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀. Títí tí wọ́n fi dé ìta, Mùsítúrà ò wò ó.

"Ìyá," ló wí níkẹyìn, "ẹ má bínú, mi ò ní lè bá yín gbé Ìba. Mo ti forí jì yín. Ọmọ ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ mọ́."

Mọ́nsúrátù kan páànù ilé Ìba. Ó kó wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun nìkan, kò sí orogún kankan tí yóò bá a du ohunkóhun. Mùsítúrà gba yàrá kan ní Ọ̀jọ́, lápá Navy Town.

Lọ́jọ́ kan, Mọ́nsúrátù lọ ra ata ní Ọ̀jọ́, ó sì rí ọmọ náà lẹ́yìn obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, ìyàwó onílé Mùsítúrà. Ọmọ ti tóbi. Ó ń fa yẹtí obìnrin náà, obìnrin náà sì ń pè é ní ọkọ òun. Nǹkan gbóná gùn Mọ́nsúrátù láyà, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Ó dúró sáàárín ọjà, ó ń jowú obìnrin tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, títí obìnrin náà fi pọn ọmọ lọ.