Òróró Kànáfùrù Tí Kò Lábùlà

"Ìgò wo gan-an lẹ mú, Màmá?" Nọ́ọ̀sì tún béèrè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ọmọ.

"Èyí tó dáa ni mo mú," ìyá ọkọ fèsì. "Ojúlówó. Àbí ẹ rò pé àbùlà ni n ó fi pa erìgì ọmọ-ọmọ mi?"

Ìyá Kànáfùrù, bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè é, jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn, ọmọ lórí itan rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹkún gan-an di iṣẹ́. Eyín tó ń hù lẹ́nu ọmọ náà kò jẹ́ kí ilé sùn mọ́. Láàárọ̀ ló gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, kó lè lọ gbé òróró fún oníbàárà kan. Kó tó padà, igbe ọmọ ti gba gbogbo àdúgbò. Erìgì rẹ̀ funfun bí ẹran tí wọ́n bọ̀, itọ́ ń ṣàn, kò sì gba ọmú.

"Òróró kànáfùrù tí wọn ò bù là, iná ni," nọ́ọ̀sì wí. "Bó bá sì gbé e mì, wàhálà mìíràn nìyẹn."

"Ìka kan péré ni mo fi kàn án. Ṣebí òun náà là ń fi sí eyín àgbàlagbà?"

"Àgbàlagbà mọ̀ ọ́n tu dànù, Màmá."

Ìyá ọkọ yíjú sí Ìyá Kànáfùrù. "Ìyàwó mi, bá mi dá a lóhùn. Kí lo kọ sára ìgò?"

OJÚLÓWÓ, KÒ LÁBÙLÀ ló kọ sára gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìgò kan tó ń tà tí kò bu òróró ólífì là, kó má baà bó àwọn èèyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ ra ohun tó ń jẹ́ àbùlà? Létí oníbàárà, jìbìtì ni. Ló bá kọ ohun tó dùn ún gbọ́, ó panu mọ́.

"Mo máa ń rí ọ níbi tó o ti ń bù ú là," ìyá ọkọ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ní ìyàwó mi gbọ́n, ọgbọ́n ọjà ló ń dá. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kì í ṣe oníbàárà. Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ pẹpẹ, mo bù nínú ìgò ńlá tí o kò tíì bù là."

"Màmá, bíbù là yẹn ni kì í jẹ́ kó jóni. Èmi ni mi ò sọ fún yín."

"Àti èyí tẹ́ ẹ bù là o," nọ́ọ̀sì dá sí i, "ẹ má fi sẹ́nu ọmọ ọwọ́. Aṣọ mímọ́ tó tutù ni kẹ́ ẹ fún un kó máa rún lẹ́nu. Ẹ dúró ná. Bó bá mu ọmú, tí mímí rẹ̀ sì já gaara, ẹ ó máa lọ sílé."

Wọ́n jókòó. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọmọ tó fi ẹnu kan ọmú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún, ó tún fà á. Ìyá ọkọ fi ìborùn bojú.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Kànáfùrù tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó sì kó gbogbo ìgò orí pẹpẹ sórí tábìlì. Ó fi èékánná bó bébà ara ìgò àkọ́kọ́ kúrò, ó kọ tuntun: ÀBÙLÀ NI. Ẹ MÁ FI SẸ́NU ỌMỌDÉ.

"Ta ni yóò rà á?" ìyá ọkọ béèrè.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Ìyá arúgbó náà fa àga, ó mú ìgò kan.

"Fún mi ní àkísà tútù," ó ní. "Gọ́ọ̀mù tó o fi lẹ bébà yìí lágídí bí ìwọ alára."