Ohun Tí Ọwọ́ Bà Lábẹ́ Ìdodo

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógójì tí wọ́n ti sin Ṣàfíù kí opó rẹ̀, Sìdíkátù, tó ránṣẹ́ pe Nùrẹ́nì pé ẹ̀gbọ́n òun kan fẹ́ rí i. Láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ní Ìgàndó títí dé Ìjẹ̀gùn, ọkàn Nùrẹ́nì kò balẹ̀. Ọ̀nà náà burú lóòótọ́, ọlọ́kadà sì ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń ku èlùbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ihò ló ń dẹ́rù bà á. Òkú ló ń dẹ́rù bà á.

Òun ló wẹ òkú náà. Bí ọkùnrin kan nínú ìjọ mọ́sáláṣí wọn bá kú, Nùrẹ́nì ni wọ́n ń pè. Ó ti wẹ òkú tó lé ní ogójì, kò sì sí èyí tó bá a délé rí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé kí wọ́n tó da omi sí òkú lára, wọ́n á gbé e dìde díẹ̀, wọ́n á rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, kí ohun tó bá kù nínú rẹ̀ lè jáde. Nùrẹ́nì tẹ ikùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà lábẹ́ ìdodo sì le bí àgbọn. Ìtọ̀ ni. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde títí ọkùnrin náà fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò ti gbàgbé. Bó bá di ayùn mú, líle náà wà níbẹ̀. Bó bá ń ṣe àlùwàlá àsárì, tí omi bá ti dún lẹ́nu búútà báyìí, á gbọ́ Ṣàfíù lẹ́yìn rẹ̀ tó ń béèrè ohun tí àwọn méjèèjì máa ń bi ara wọn nílé ìtọ̀: "Ṣé ó ti ń dà?" Á wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnì kankan. Èyí tó burú jù ni pé kò rí èsì fọ̀. Tirẹ̀ náà ti ń kán tó-tó-tó, á sì dúró ti ògiri títí ìrun á fi bẹ̀rẹ̀. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bò ó: òun ló ta oògùn fún olóògbé. Lọ́dún 2011, Nùrẹ́nì lọ sípàdé àwọn tó ń ta oògùn oníke kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n fún un ní báàgì àti káàdì ìfikọ́rùn, ó sì ti ibẹ̀ dé bí dókítà. Kóró elégédé ni wọ́n lọ̀ sínú oògùn ọ̀hún, pẹ̀lú èso ọ̀pẹ wẹ́wẹ́ kan láti Amẹ́ríkà. Ó lò ó fún oṣù méjì, ó sì jọ pé ìgbà márùn-ún tó ń dìde tọ̀ lóru dín sí mẹ́rin. Mẹ́rin yẹn ló ń gbé kiri àdúgbò bí ìròyìn ayọ̀. Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sára ike pé kì í wo àìsàn kankan sàn. Nùrẹ́nì kà á dáadáa, ó sì fi àtàǹpàkò bò ó nígbà tó ń fi ike náà han ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ladani ni Ṣàfíù, òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí. Dókítà ti sọ fún un ní ọsibítù pé pírósítéètì rẹ̀ ti wú, ó sì ti fún ọ̀nà ìtọ̀ pa, pé kí ó wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí àwọn lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni, kí àwọn sì fi rọ́bà fa ìtọ̀ fún un. Rọ́bà yẹn ló lé e sá. Ó ní báwo lòun ṣe máa fi ọ̀rá ìtọ̀ há itan pe ìrun. Nùrẹ́nì mọ̀ pé ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún aláìsàn, kó ṣáà ti máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé kí Ṣàfíù fi ọsibítù sílẹ̀ ná, kó lo ike mẹ́ta pé. Bí wọ́n ṣe fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń pa làpálàpá. Ìgbàkigbà tó bá sì béèrè, Ṣàfíù á ní ara ti ń tu òun.

Nígbà tó wọlé, Sìdíkátù jókòó sórí ẹní, ó da ìborùn bojú díẹ̀. Raheem, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Ìbàdàn dé, wà lórí àga. Raheem ṣàlàyé pé ìtọ̀ kì í dà fún òun mọ́ bó ṣe yẹ, pé àna òun ló yin oògùn Nùrẹ́nì fún òun kí ó tó kú, òun sì fẹ́ ike mẹ́ta. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé abẹ́ ìdodo.

Nùrẹ́nì wo ọwọ́ náà. Bó bá sọ òótọ́, opó yìí á mọ ẹni tó ti ọkọ òun sí ibojì. Bó bá dákẹ́, ó mọ ikùn tí òun máa tún tẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní tà á fún yín. Ó lè tu ẹlòmíì lára díẹ̀, ẹlòmíì ò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í jẹ́ kí ohun tó wú rọlẹ̀. Kò sì lè sọ fún yín bóyá jẹjẹrẹ ni. Ọsibítù ni kí ẹ lọ." Ó yíjú sí Sìdíkátù. "Ìyá Hamdalah, èmi ni mo ní kí Ṣàfíù má lọ."

Ó retí ẹkún, ó retí èpè.

"Bàbá Aasiyah, oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́ fún un rárá, láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ni Sìdíkátù wí. "Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ̀yin náà ń lò ó, pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé kò ṣe nǹkan kan lára òun, ẹ̀rù á máa bà yín. Èmi náà bá a pa á mọ́. Torí pé mo fẹ́ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lónìí ni mo ṣe jókòó síbí."

Nùrẹ́nì kò lè gbé ojú sókè. Ṣàfíù ń jẹ̀rora, ó ń purọ́ pé ara tu òun, kí ọkàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè balẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, lójoojúmọ́, títí di àárọ̀ tí wọ́n pè é wá wẹ òkú. Ẹkún tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ náà jáde níwájú opó àti àlejò, kò sì tijú.

Nígbà tó nu ojú tán, ó bi Raheem bóyá ó lè gun ọkadà. Káàdì méjì ni wọ́n gbà ní ọsibítù, ti Raheem àti ti Nùrẹ́nì fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi Nùrẹ́nì pé oògùn wo ló ti ń lò, ó sọ ọ́. Ó tún bi í pé ta ló tà á fún un.

Nùrẹ́nì ní òun ni.