Ọmọ Tí Rọ́bà Pa Rẹ́

Màmá àgbà Paraskeva ti ra òkúta ibojì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Bitola, ó ku àwòrán tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ọkọ rẹ̀ fi pẹ́ńsù yà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló fẹ́, níbi tí Màmá àgbà dá jókòó sí.

Zorka, ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbé e lé bébà fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, ó tan iná sí i láti fi ṣe nẹ́gátíìfù, ó sì ki bébà náà bọ omi òògùn. Ibi tó funfun di dúdú, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n lórí itan ìyá náà, òjìji kan tó dúdú ju gbogbo rẹ̀ lọ yọ díẹ̀díẹ̀: orí kékeré, èjìká, apá tó di ọrùn ìyá náà mú.

Zorka rò pé òun ṣì í ṣe ni. Ó tún un ṣe, ọmọ náà tún yọ. Ó gbé àwòrán pẹ́ńsù gan-an síwájú iná: wọ́n ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ títí bébà fi fẹ́lẹ́, tí iná fi ń là á kọjá ju ibòmíràn lọ.

Ó mú nẹ́gátíìfù náà jáde lọ bá ìyá àgbà rẹ̀. "Màmá àgbà, ta nìyí?"

Arúgbó náà fi ìka kan òjìji náà. "Trajko ni, àkọ́bí mi. Ọjọ́ tí a sin ín ni bàbá àgbà ẹ pa á rẹ́. Ó ní òun ò lè máa rí i. Kò bi mí bóyá èmi fẹ́ máa rí i."

"Mo lè bo ibẹ̀ fún yín, kó má hàn."

"Bo ẹnu ara ẹ! Ṣé ó ní ojú?"

"Rárá, mà."

"Kó wá bẹ́ẹ̀. Mo mọ ojú ọmọ mi."

Zorka padà sínú òkùnkùn. Nígbà tó tẹ àwòrán náà jáde láti ara nẹ́gátíìfù, tí dúdú padà di funfun, ọmọ náà funfun báláú lórí itan ìyá rẹ̀, kò tú ọwọ́ lọ́rùn rẹ̀.