Èsì Bẹ́ẹ̀dì Kẹrìnlá

Ọ̀la náà ni. Ọ̀la kò jìnnà… aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù, ká tiẹ̀ ka wákàtí, kò pé ọjọ́ kan gbáko. Ta ni ọjọ́ kan ti pa rí? Má dáhùn.

Èsì àyẹ̀wò wà níwájú mi lórí tábìlì láàbù. Mo ti kọ ọ́ tán, mo ti buwọ́ lù ú, ó ku kí n gùnkè lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin kí n fún dókítà. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún péré. Mo ń ka àtẹ̀gùn, n kò gùn ún.

Bẹ́ẹ̀dì kẹrìnlá. Ìyá Bílíkísù. Wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì fún un, ojú iṣẹ́ abẹ ń ṣọyún, mo gba ọyún náà, mo gbìn ín sínú àwo, mo to oògùn mẹ́fà sí i. Kòkòrò inú ọyún náà hù kọjá márùn-ún bí ẹni tí kò rí wọn. Ìkẹfà nìkan ló lé e sẹ́yìn — ìkẹfà wà, ó wà nílé oògùn nísàlẹ̀ níbí. Èyí tí wọ́n ń gún ìyá láràárọ̀ wà lára márùn-ún yẹn. Ìrora lásán ni wọ́n ń gún sí i lára.

Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé èsì lọ lónìí, wọn á pààrọ̀ oògùn lónìí. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ keje oògùn tí mo gbọ́dọ̀ gbà lọ́la, nígbà tí oògùn àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀… ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀la Jímọ̀ sì ni iṣẹ́ ìwádìí wa lórí kòkòrò tó ń borí oògùn parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìran kò fi bò fún mi lórí fóònù láti Ìbàdàn: "Ọgbọ̀n aláìsàn la ṣèlérí, Yẹ́misí. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọgbọ̀n." Ìyá yìí ló máa mú un pé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló ní kí n fi èsì pamọ́, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ìwé ìlànà tí èmi fúnra mi kọ sọ pé kí èsì dé ọwọ́ dókítà lọ́jọ́ tó bá jáde. Wọ́n tiẹ̀ yìn mí fún un.

Dókítà lè má tíì dé — irọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀: "Aunty Lab, once e show, bring am sharp-sharp." Wọn lè má lágbára àtira oògùn náà… léèsì ni Bílíkísù ń tà ní Main Market, máa purọ́ lọ. Ó yẹ kí n tún àyẹ̀wò ṣe kó lè dá mi lójú — àwo méjì ni mo gbìn, ohun kan náà làwọn méjèèjì wí.

Kí ló tiẹ̀ dé tí ìyá fi fà mọ́ mi? Ogójì ọdún ní Onitsha, Igbo ló fi ń kí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìrora bá dé, Yorùbá ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, èmi nìkan ló sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tí mo mú fọ́ọ̀mù ìwádìí wá, ó gba ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. "Tẹ ìka mi síbi tó bá wù ọ́, ọmọ mi. O ò ní gbà kí wọ́n tàn mí jẹ." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo rọra yọ ọwọ́ mi, mo lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Bílíkísù lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, ọmọ tí ìyá bí síhìn-ín, tí Yorùbá kò já gaara lẹ́nu rẹ̀: "Aunty, abeg, mama say make I ask you. Wetin test talk?"

"E never ready."

"Daalụ, aunty." Ó tún dúpẹ́. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, àbí? Mo ti dàgbà nìyẹn.

Lánàá, ibà mú ìyá débi pé orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pẹ̀lú aago tó ṣẹlẹ̀. Mo tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀…

Ó dáa. Kí n kàn ti bébà yìí sínú dúrọ́ọ̀ títí di ọ̀la. Mo fà á — igò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan, òfìfo, bébà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kẹrìnlá, ọjọ́ keje. Ìkọ̀wé mi ni.

Ẹni tí kòkòrò rẹ̀ bá borí oògùn nìkan ni mò ń gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ keje rẹ̀. Òní Ọjọ́bọ̀ ni àwo sọ̀rọ̀. Déètì ọjọ́ tí mo kọ bébà ara igò yìí… Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọyún, tí n kò tíì gbin ohunkóhun.

Kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà náà. Kì í ṣe Jímọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti tẹ ìka rẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ kí oògùn má ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí mo sì ṣí àwo láàárọ̀ yìí, inú mi dùn. Kò sí orúkọ mìíràn fún un. Inú mi dùn.

Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Mo ṣì jókòó.